Níbo Ni Àárín Yúróòpù Wà? Àríyànjiyàn Tí Eré Ràlì Dá Sílẹ̀

Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìdíje ìwakọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti jẹ́ orúkọ kan náà: Ràlì Àárín Gbùngbùn Yúróòpù. Èkíní wáyé ní oṣù kẹrin ọdún 2008, lórí ilẹ̀ Húngárì àti Románíà. Èkejì wáyé ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, lórí ilẹ̀ Jámánì, Ọ́sítríà àti Tsẹ́kì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè náà kà. Kò sí ẹyọ kan tó wà nínú méjèèjì.

Bí ẹnì kan bá wí lónìí pé àárín ọjà wà nídìí igi, tó tún wí lọ́la pé ẹ̀gbẹ́ odò ló wà, àwọn tó ní ìsọ̀ níbẹ̀ yóò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn olólùfẹ́ eré ràlì. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ìdíje ti ọdún 2023 ni wọ́n ti ń bá ara wọn fà á: ta ló ni àárín, ta ló wà ní Ìlà Oòrùn, ta sì ni wọ́n yọ sílẹ̀ nínú orúkọ tó yẹ kó jẹ́ tirẹ̀?

Fún ẹni tí kò bá mọ ràlì, kì í ṣe irú eré ìje tí àwọn ọkọ̀ máa ń yí po lójú kan. Ọ̀nà gidi ni wọ́n ń gbà: ọ̀nà oko, ọ̀nà inú igbó, ọ̀nà ọ̀dà tóóró tó gba ẹ̀yìnkùlé àwọn àgbẹ̀ kọjá. Wọn yóò ti ọ̀nà náà pa fún wákàtí mélòó kan, ọkọ̀ yóò máa gbéra lọ́kọ̀ọ̀kan, aago ni yóò sì sọ ẹni tó yára jù. Ẹni méjì ló ń jókòó sínú ọkọ̀. Ọ̀kan ń wakọ̀, èkejì ń ka ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nípa ọ̀nà náà sí i létí: kọ́nà ọ̀tún rèé, ó mú, gegele ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, má fẹsẹ̀ kan bíréèkì. Àwọn òǹwòran náà kì í jókòó sí pápá ìṣeré. Inú igbó ni wọ́n ń wọ̀. Wọn yóò pàgọ́, wọn yóò dáná, wọn yóò so àsíá orílẹ̀-èdè wọn mọ́ igi, wọn yóò sì dúró láti òwúrọ̀ de ọkọ̀ tí yóò fò kọjá lójú wọn kí wọ́n tó mí ẹ̀ẹ̀mejì.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fi ká wọn lára ju àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù lọ. Pápá bọ́ọ̀lù kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni eré ràlì fúnra rẹ̀. Yìnyín Swídìn, òkúta Gíríìsì, eruku Kẹ́ńyà, ohun tí wọ́n wá wò nìyẹn. Ẹni tó bá ṣi ilẹ̀ lórúkọ, lójú wọn, ó ti ṣi eré náà lórúkọ.

Ìdíje tó sá kúrò ní Mọritáníà

Ti ọdún 2008 kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Láti ìparí ọdún 1978 ni ìdíje ńlá kan ti máa ń gbéra láti Paris, tí yóò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, tí yóò sì parí sí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà. Nígbà tó yá, wọ́n máa ń yí ibi tí wọ́n ti ń gbéra padà, ṣùgbọ́n Dakar ni wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n sí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ọdún 2007, àwọn agbébọn pa àwọn ará Faransé mẹ́rin tó wá ṣe ìrìn àjò afẹ́ lẹ́bàá Aleg ní Mọritáníà. Mọritáníà sì ni apá tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà ìdíje náà gbà. Àwọn ọkọ̀, alùpùpù àti tírọ́ọ̀kù ti dé Lisbon ní Pọ́túgà, ó ku ọ̀la kí wọ́n gbéra, ni àwọn olùṣètò bá kéde pé kò sí lílọ mọ́. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Wọ́n nílò ohun tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Húngárì àti Románíà ni wọ́n gbé e lọ. Budapest ni wọ́n ti gbéra, Carlos Sainz ará Spéènì ló sì gba ipò kìíní láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú Volkswagen. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Àárín Gbùngbùn Yúróòpù. Nígbà náà, ariwo kò fi bẹ́ẹ̀ sọ lórí orúkọ yẹn. Ohun tó dun gbogbo ènìyàn ni Dakar tí kò wáyé.

Lẹ́yìn náà ni ìdíje Dakar ré kọjá òkun lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní ọdún 2009. Láti ọdún 2020, Sáúdí Arébíà ló wà. Orúkọ rẹ̀ ṣì ni Dakar títí di òní, bẹ́ẹ̀ Dakar kò fojú kàn án mọ́ láti ọdún 2007. Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú àríyànjiyàn yìí fi máa ń fi í ṣe ẹlẹ́yà pé, nígbà tí Dakar lè wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá, kí ló dé tí àárín Yúróòpù kò lè wà níbi tó bá wù ú? Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn létí ará Sẹ̀nẹ̀gà.

Ìlú odò mẹ́ta

Ti ọdún 2023 yàtọ̀. Èyí wà lára ìdíje àgbáyé fún ràlì, tí wọ́n ń ṣírò máàkì rẹ̀ láti oṣù kìíní títí ọdún yóò fi parí. Jámánì ti ní ìdíje tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Ọ́sítríà kò tíì rí ìdíje àgbáyé láti ọdún 1973, ìyẹn ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an. Tsẹ́kì kò ní in rí rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn ràlì dé góńgó. Àwọn mẹ́ta wá kówó jọ, wọ́n kó ọ̀nà jọ, wọ́n ṣe ọ̀kan ṣoṣo.

Prague, olú ìlú Tsẹ́kì, ni wọ́n ti ṣí i. Passau ní Jámánì ni wọ́n tẹ àgọ́ àtúnṣe ọkọ̀ sí. Ìlú yìí wà létí ẹnubodè Ọ́sítríà, odò mẹ́ta ló sì ti pàdé níbẹ̀: Danube, Inn àti Ilz. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, àwọn awakọ̀ ń gba ẹnubodè kọjá bí ẹni ń ti inú yàrá bọ́ sí pálọ̀. Thierry Neuville ará Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ló gba ipò kìíní. Kalle Rovanperä ará Fínlándì tó ṣe ipò kejì ló gba adé àgbáyé níbẹ̀ fún ìgbà kejì.

Ẹ má ṣe fojú kéré ọ̀rọ̀ ẹnubodè yẹn. Títí di ọdún 1989, wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n fi pààlà láàárín Tsẹ́kì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ méjèèjì yẹn, sójà tó di ìbọn mú sì ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ sá gba ibẹ̀ kọjá lè kú síbẹ̀. Àgbàlagbà ará Tsẹ́kì tó wà nínú igbó náà lọ́dún 2023, tó ń wo ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Jámánì láìsí ẹni tó béèrè ìwé, mọ ohun tí ojú òun ti rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ará Ìlà Oòrùn.

Ibẹ̀ gan-an ni egbò wà.

Ìlà Oòrùn ta ni?

Ẹ mú àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù, kí ẹ wo Prague àti Vienna, olú ìlú Ọ́sítríà. Prague ló sún mọ́ ìwọ̀ oòrùn jù. Gíríìsì jìnnà sí ìlà oòrùn ju àwọn méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n ń ka Vienna àti Athens sí, Ìlà Oòrùn sì ni wọ́n ń pe Prague. Kì í ṣe oòrùn ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n wò ni ẹni tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ní Moscow ń pàṣẹ fún.

Àwọn ìwé ńlá pàápàá kò bára wọn mu. Nínú ètò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń to iye ènìyàn àti ọrọ̀ ajé, kò sí ẹkùn kankan tó ń jẹ́ Àárín Yúróòpù. Jámánì àti Ọ́sítríà wà ní Ìwọ̀ Oòrùn. Tsẹ́kì, Pólàndì, Slofákíà, Húngárì àti Románíà wà ní Ìlà Oòrùn. Àjọ náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé nítorí ìṣirò nìkan ni òun ṣe pín in bẹ́ẹ̀, pé kò ní ìtumọ̀ ìṣèlú. Ìwé ìsọfúnni tí ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà máa ń tẹ̀ jáde tẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀ fi Jámánì, Ọ́sítríà, Tsẹ́kì, Pólàndì àti Húngárì sí Àárín, ó sì ju Románíà sí Gúúsù Ìlà Oòrùn. Nítorí náà, bí ará Húngárì àti ará Jámánì bá ń jà, àwọn méjèèjì ni yóò rí ìwé gidi tí wọn yóò fi ti ara wọn lẹ́yìn.

Ará Húngárì yóò ní: ẹ gba orúkọ yìí lọ́wọ́ wa. Àwa la kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Títí di ọdún 1918, abẹ́ ọba kan náà ni Budapest, Vienna àti Prague wà. Báwo ni méjì nínú wọn ṣe di àárín tí ẹ̀kẹta kò sí níbẹ̀? Ará Pólàndì yóò ní ọdún 1921 ni ìdíje ràlì tàwọn ti bẹ̀rẹ̀, pé ti Monte Carlo nìkan ló dàgbà jù ú lọ, ẹ kò sì lè sọ̀rọ̀ àárín Yúróòpù kí ẹ fo Pólàndì. Ará Jámánì yóò ní, ẹ jọ̀wọ́, orúkọ ìdíje lásán ni. Ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu òun. Ní ọdún 1915, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́, Friedrich Naumann ará Jámánì kọ ìwé kan tó pè ní Mitteleuropa, ìyẹn Àárín Yúróòpù. Ohun tó ń rò ni ẹkùn kan tí Jámánì yóò jẹ́ olórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Pólàndì àti Tsẹ́kì kò gbàgbé. Ọ̀rọ̀ kan náà tó jẹ́ ìtura fún ẹni tí Moscow ti jẹ níyà jẹ́ ìkìlọ̀ fún ẹni tí Berlin ti jẹ níyà, àwọn ẹlòmíràn sì rèé tí àwọn méjèèjì ti jẹ níyà.

Ní ọdún 1983, Milan Kundera, òǹkọ̀wé ará Tsẹ́kì tó ń gbé ní Faransé, kọ àpilẹ̀kọ kan tó di olókìkí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó fà yọ ni pé ní àṣà àti èrò ọkàn, Ìwọ̀ Oòrùn ni àwọn ènìyàn òun. Ìṣèlú ló jí wọn gbé lọ sí Ìlà Oòrùn. Àwọn tó ń jà lórí ràlì lónìí lè má kà á rí, àmọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rò.

Mo mọ ẹni tí yóò béèrè pé kí ló wà nínú orúkọ. Owó wà níbẹ̀. Iyì náà wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè ní ará Ìlà Oòrùn ní Yúróòpù, ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ni pé tálákà ni, pé iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ́n, pé ó máa ń pẹ́ débi gbogbo. Orílẹ̀-èdè tó bá gba ìdíje àgbáyé kan ń fi ojú ilẹ̀ rẹ̀ han gbogbo ayé fún ọjọ́ mẹ́rin. Ilé ìtura rẹ̀ á kún, àwọn tó ń ta oúnjẹ á rí tajà. Orúkọ tí wọ́n bá kọ sára ìdíje náà ni yóò wà lára ọkọ̀, lára aṣọ, lórí tẹlifíṣọ̀n.

Kí ẹ fi okùn wọ̀n ọ́ ńkọ́?

Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀. Ní ọdún 1775, ẹnì kan tó ń ya àwòrán ilẹ̀ fún ọba Pólàndì ṣírò pé ìlú kékeré tó ń jẹ́ Suchowola ni àárín Yúróòpù. Ní ọdún 1887, àwọn awọnlẹ̀ ìjọba Ọ́sítríà òun Húngárì ri òpó kan mọ́lẹ̀ ní àdúgbò Rakhiv, tó wà ní Yukréènì báyìí, pé ibẹ̀ ni. Slofákíà ní òkúta àmì tirẹ̀ ní Kremnické Bane. Ní ọdún 1989, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé tún un ṣírò, wọ́n sì bá a nítòsí Vilnius ní Lituéníà.

Kò sí òpùrọ́ nínú wọn. Ó wà lọ́wọ́ ibi tí o bá ní Yúróòpù parí sí lápá ìlà oòrùn, àti bóyá o ka àwọn erékùṣù inú òkun mọ́ ọn. Bí o bá fi Iceland kún un, àárín á sún. Bí o bá yọ ọ́, á padà. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo dárúkọ yìí, kò sí ọ̀kan tó wà ní Jámánì, Ọ́sítríà tàbí Tsẹ́kì. Kò sì sí èyí tó wà ní Húngárì tàbí Románíà. Ìdíje méjèèjì tó jẹ́ orúkọ àárín, kò sí èyí tó dé orílẹ̀-èdè kankan nínú wọn.

Àríwá náà ní ìjà tirẹ̀. Ọgbọ́n ìwakọ̀ kan wà tí gbogbo onírálì mọ̀: kí o tó ya ọ̀tún, o kọ́kọ́ ju ọkọ̀ sápá òsì, kí ìdí rẹ̀ lè yí gbìrì bọ̀. Orúkọ àwọn ará Skandinéfíà ni wọ́n fi ń pè é. Àwọn ará Fínlándì tó gbówọ́ jù nínú rẹ̀ á ní àwọn kì í ṣe ará Skandinéfíà, pé Swídìn, Nọ́wè àti Dẹ́ńmáàkì nìyẹn. Èdè wọn kò tilẹ̀ bá tàwọn yẹn tan, ti Estóníà ló bá tan. Estóníà ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ Ìlà Oòrùn. Ní ọdún 1999, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè rẹ̀, Toomas Hendrik Ilves, tó di ààrẹ lẹ́yìn náà, dúró ní Swídìn, ó sì rojọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ará Àríwá ni orílẹ̀-èdè òun. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà fún un. Ìwé Amẹ́ríkà kò gbà. Ti Kípírù, erékùṣù tí àwọn tó ń ka Bíbélì mọ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, tilẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, Éṣíà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà á sí, ìdíje ràlì rẹ̀ sì ti wà nínú ti Yúróòpù àti ti Àárín Ìlà Oòrùn rí.

Ọ̀dọ̀ tiwa ńkọ́?

Ràlì tó lókìkí jù ní Áfíríkà ni Safari ti Kẹ́ńyà. Ọdún 1953 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti fi ṣàjọyọ̀ ìgbadé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì, ó sì la Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tanganyika kọjá. Orúkọ Ìlà Oòrùn Áfíríkà wà lára rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó yá, Kẹ́ńyà nìkan ló kù sí, wọ́n sì yọ Ìlà Oòrùn kúrò nínú orúkọ náà. Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Ìlà Oòrùn Áfíríkà fúnra rẹ̀ tú ká ní ọdún 1977. Wọ́n ti tún un dá sílẹ̀ báyìí, ó sì ti gba Kóńgò ti Kinshasa wọlé ní ọdún 2022. Kóńgò yẹn ní etí òkun Àtìláńtíìkì, ìyẹn òkun tó wà ní Cotonou níbí. Bí ará Ìlà Oòrùn bá lè dúró létí òkun tí oòrùn ń wọ̀ sí, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá oòrùn.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa, Côte d'Ivoire nìkan ni ràlì rẹ̀ ti wà lára ìdíje àgbáyé rí, láti ọdún 1978 títí di 1992. Ṣùgbọ́n a kò nílò ràlì kí a tó mọ bí ààlà ẹkùn ṣe ń sún. Lórí ìwé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Mọritáníà jẹ́ ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, àmọ́ ó ti kúrò nínú CEDEAO láti ọdún 2000. Mali, Burkina Faso àti Niger náà jáde ní oṣù kìíní ọdún 2025. Àwòrán ilẹ̀ kò yí padà. Odò Ọya ṣì wà láàárín Malanville àti Gaya. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó ọjà lọ sí Niamey láti Àjàṣẹ́ tàbí Parakou mọ ohun tó rí láti ìgbà tí wọ́n ti ti ẹnubodè yẹn lẹ́yìn ìfipágbàjọba ọdún 2023: tírọ́ọ̀kù tó tò lọ rẹrẹ, àlùbọ́sà tó jẹrà, ọkọ̀ ojú omi kékeré tó di ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Àwọn ará Kétu kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn. Ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí òkèèrè, wọ́n fa ìlà kan. Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó wà lábẹ́ Kétu bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò kúrò lójú kan, síbẹ̀ wọ́n jí lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n wà nílẹ̀ òkèèrè, àbúrò wà nílé.

Ní ti àwọn onírálì, ìjà náà ti gba ibòmíràn yọ. Ott Tänak ará Estóníà ló gba ipò kìíní ní Àárín Gbùngbùn Yúróòpù ní ọdún 2024, Rovanperä gbà á ní 2025. Nínú ètò ìdíje ọdún 2026, wọ́n yọ ọ́ kúrò, Kroéṣíà ló sì padà wọlé. Gúúsù Yúróòpù ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi Kroéṣíà sí, ìwé Amẹ́ríkà ní Gúúsù Ìlà Oòrùn ni, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ràlì ní Balkan ni. Ọ̀pọ̀ ará Kroéṣíà sì ń dá wọn lóhùn pé Àárín Yúróòpù ni àwọn.